Ọyẹ́ Ti Dé, Ẹ Rọra

Ẹ kú ọyẹ́. Ètè yín ńkọ́? Ṣé kò tíì sán? Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà ló tún kó eruku wá bá wa. Kùrukùru bo ojú títì. Kí lẹ wá ń sáré lé? Ẹ rọra. Ẹ fi òrí para, àgàgà gìgísẹ̀. Ẹ mu omi, bí òùngbẹ ò tilẹ̀ gbẹ yín. Ẹ jókòó ti màmá àgbà, kí ẹ jọ mu ẹ̀kọ gbígbóná. Iṣẹ́ ò ní sá lọ, bí ọ̀gá tilẹ̀ ń fajú ro. Ẹ rọra. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ tan iná ọkọ̀ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dáná sungbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.