Ojú Tuntun, Ìtàn Àná: Ohun tí Apá Kejì "Ever Night" Sọnù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì ṣe ti ọjà. Ọ̀rọ̀ ìtàn àràmérìíyìírí kan ni, láti ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n kọ ọ́ síwèé, ó dùn. Wọ́n sọ ọ́ di eré tẹlifíṣọ̀n nígbà àkọ́kọ́, ó dùn. Wọ́n tún ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó dùn mí dé egungun, nítorí mo fẹ́ràn ìwé náà púpọ̀. Mo sì gbà pé bí iṣẹ́ ọnà bá já ènìyàn kulẹ̀, ó yẹ kí onítọ̀hún lè na ìka sí ibi tó ti bàjẹ́ gan-an, kó má kàn máa kùn lásán.

Jiang Ye lorúkọ ìwé náà. "Ever Night" ni wọ́n fi ń ta eré rẹ̀ fún àwọn ará òkèèrè. Mao Ni ni òǹkọ̀wé rẹ̀ ń pe ara rẹ̀. Orí Qidian, ojú òpó ìtàn kíkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ló ti ń gbé e jáde ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti 2011 títí di 2014. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òwò náà ṣe ń lọ, nítorí a óò tún padà sí ọ̀rọ̀ owó. Òǹkàwé á ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá ti wọ̀ ọ́ lára, á bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún orí tuntun kọ̀ọ̀kan, iye owó náà sì ń tẹ̀ lé bí orí náà bá ṣe gùn tó. Òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ sinmi, torí ọ̀la ni àwọn oníbàárà ń retí. Bí Jiang Ye ṣe di ìwé tó lé ní 3,000,000 àmì ìkọ̀wé nìyẹn. Àwọn kan ń fi gígùn yìí bú irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àbùmọ́ ni. Òótọ́ ni nípa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nípa eléyìí, n kò gbà.

Ìtàn Ning Que àti Sang Sang ni. Wọ́n pa gbogbo ará ilé ọ̀gágun tí Ning Que ń gbé nígbà tó wà ní kékeré, òun ló sá àsálà. Ní ọdún ìyàn, ó rí ọmọ ọwọ́ kan láàárín òkú lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé e, ó sì sọ ọ́ ní Sang Sang. Ọmọdé wá ń tọ́ ọmọdé. Inú igbó orí òkè ni wọ́n ti dàgbà, kí Ning Que tó di ọmọ ogun ní ìlú Weicheng létí ààlà. Lẹ́nu, ọ̀gá ni Ning Que, ọmọ ọ̀dọ̀ ni Sang Sang. Nínú ilé, Sang Sang ló ń ka owó, òun ló ń ká a pamọ́, òun ló sì ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá bá náwó nínàákúnàá. Ara rẹ̀ tín-ín-rín, ó dúdú, àìsàn òtútù kan sì wà lára rẹ̀ tí iná kì í lé, àfi ọtí líle. Agboòrùn dúdú ńlá kan wà tí wọn kì í fi sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé olú ìlú, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Lao Bi Zhai, níbi tí Ning Que ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé ọlọ́nà tà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Ning Que mutí yó níta. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì, ó kọ ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sílé: òun ti mutí, òun kò ní í wálé sùn, kí Sang Sang má gbàgbé láti mu omi ọbẹ̀ adìyẹ tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò. Ó parí. Yan Se, àgbà ọ̀mọ̀wé kan tó ń fi ìkọ̀wé pe agbára jáde, rí ìwé náà, ó wo bí ọwọ́ ṣe rìn lórí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun máa fi iṣẹ́ òun lé lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí àwọn gbajúmọ̀ ìlú fi ń wá ẹ̀dà ìwé omi adìyẹ yìí kiri, tí wọ́n ń gbé e kọ́ sára ògiri. Gbogbo ẹ̀bùn tó wà lọ́wọ́ Ning Que, orí àníyàn ẹnìkan tó lè sùn láìjẹun ló ti kọ́kọ́ hàn. Mao Ni kò dúró ṣàlàyé èyí fún wa. Ó kọ ọ́ bí àwàdà, ó sì kọjá lọ.

Apá kìíní eré náà jáde lórí Tencent Video ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ìpín 60. Yang Yang ni olùdarí. Chen Feiyu, ọmọ Chen Kaige tó jẹ́ ògbóǹtarìgì olùdarí fíìmù, ló ṣe Ning Que. Ọmọ ọdún méjìdínlógún péré ni nígbà tí eré náà jáde. Song Yiren ló ṣe Sang Sang. Yàtọ̀ sí àwọn ọ̀dọ́, wọ́n kó àgbà òṣèré jọ: Hu Jun, Ni Dahong, Jin Shijie, Adam Cheng láti Hong Kong. Eré náà ní àléébù tirẹ̀, àwọn ibì kan falẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó fi ara balẹ̀. A rí ṣọ́ọ̀bù náà, a rí àdúgbò, a rí bí àwọn méjèèjì ṣe ń fọwọ́ mú abọ́.

Nínú ìtàn náà, àlùfáà àgbà kan wà tí ó sá kúrò níbi tí wọ́n tì í mọ́, Wei Guangming, tí Ni Dahong ṣe. Ó dé olú ìlú, ó bá Sang Sang pàdé, ó rí ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀, ó sì di arúgbó inú ilé. Ó ń gbé ní Lao Bi Zhai, ó ń jẹ oúnjẹ tí ọmọ náà bá sè, ó ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀. Ning Que kò sí nílé nígbà náà. Yan Se, olùkọ́ Ning Que, tí Adam Cheng ṣe, ló jáde lọ kojú Wei Guangming lórí òkè kan lẹ́yìn ìlú. Àwọn àgbà méjèèjì kú síbẹ̀ pa pọ̀. Sang Sang ló kó eérú wọn. Ẹ wò ó bí ó ti rí: olùkọ́ ọ̀kan pa olùkọ́ èkejì, àwọn ọmọ méjèèjì sì ṣì máa sùn sábẹ́ òrùlé kan náà. Ta ni kí wọ́n dá lẹ́bi? Bí a kò bá ti rí arúgbó yẹn kó jókòó ti abọ́ oúnjẹ Sang Sang tẹ́lẹ̀, ìjà àwọn alágbára méjì ni a bá kàn wò, ìmọ́lẹ̀ níhìn-ín, ìbúgbàù lọ́hùn-ún, a ó sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, apá kejì dé, ìpín 43. Olùdarí kan náà, Sang Sang kan náà, ṣùgbọ́n Ning Que ti di ẹlòmíràn. Wang Hedi, tí ayé mọ̀ láti inú "Meteor Garden" ti 2018, ni wọ́n gbé e fún. Ariwo ta. Àwọn tó ti bá Chen Feiyu rìn fún ìpín 60 kọ̀ jálẹ̀.

Mo fẹ́ ṣe òdodo fún Wang Hedi. Kì í ṣe òun ló lé ẹnikẹ́ni, ó sì sa gbogbo ipá rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wò ó: òṣèré tuntun wọ inú ilé tí wọ́n ti gbé ṣáájú rẹ̀, wọ́n ní kó fẹ́ràn ọmọbìnrin kan bí ẹni tó gbé e dàgbà láti ọmọ ọwọ́, kò sì sí ìpín kan ṣoṣo tí wọ́n fún un láti fi kọ́ ìfẹ́ yẹn lójú wa. Ning Que ti Chen Feiyu ní ìwà ọmọ ogun lára: ó lójú owó, kò nítìjú, ó ń rẹ́rìn-ín síta bí inú rẹ̀ bá ń gbóná. Ti Wang Hedi tètè ń fi ọkàn rẹ̀ hàn síta. Ó lè dára nínú eré mìíràn. Níbí, ó mú kí ọkùnrin tó ń ṣọ́ra láti kékeré dà bí ẹni tí kò ní nǹkan kan láti fi pamọ́.

Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú nìkan ni, à bá ti gbà, à bá ti mọ́ra. Ohun tó bàjẹ́ ju ìyẹn lọ. Ibi tí ìtàn dé ní apá kejì ni ibi tó wúwo jù nínú gbogbo ìwé náà. Gbogbo ayé mọ̀ pé ewu ńlá ń bẹ lára Sang Sang, wọ́n sì dìde láti pa á. Ning Que gbé e sẹ́yìn, ó ń sá kiri. Àwọn alágbára, àwọn àlùfáà, ọmọ ogun oríṣiríṣi ń lé wọn. Eré náà wá mú sísá yẹn, ó sọ ọ́ di ìjà lórí ìjà. Ọ̀tá kan lọ, òmíràn dé. Ìgbà díẹ̀ ni a rí wọn kí wọ́n jókòó jẹun. Ìgbà díẹ̀ ni wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ owó. Lójú tèmi, níbẹ̀ ni wọ́n ti pàdánù gbogbo rẹ̀.

N óò sọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, èyí sì ni kókó ohun tí mo bá wá. Nínú ayé ìwé yìí, kò sí òṣùpá. Oòrùn wà, ìràwọ̀ wà, òru ṣókùnkùn biribiri. Òǹkàwé lè kà á fún ìgbà pípẹ́ kó má fura. Olùkọ́ àgbà tí wọ́n ń pè ní Fuzi, tí Jin Shijie ṣe, ni ọ̀gá ilé ìwé tí Ning Que wọ̀. Arúgbó yìí ni ẹni tó lágbára jù láyé, oúnjẹ ló sì fẹ́ràn jù. Ó lè rin ìrìn àjò nítorí ẹran kan tí wọ́n sè dáadáa. Nígbà tó mọ̀ pé Ọ̀run fúnra rẹ̀, agbára tó ń jọba lórí ayé náà, ló wà lára Sang Sang, kò pa ọmọ náà. Ó gbé òun àti Ning Que sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó ń gbé wọn kiri ayé, ó ń fún wọn ní ohun dáadáa jẹ, ó ń fi ìlú àti ènìyàn hàn wọ́n. Kí adùn ayé lè wọ ara Ọ̀run ni. Kí Ọ̀run má baà lè bọ́ lọ́wọ́ ayé mọ́. Lẹ́yìn náà ni Fuzi gòkè lọ kojú Ọ̀run, ó sì di òṣùpá, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ayé náà.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: oúnjẹ ni ohun ìjà. Láti orí ìwé omi adìyẹ títí dé kẹ̀kẹ́ ẹṣin Fuzi, okùn kan ṣoṣo ni. Àwọn òbítíbitì orí tí àwọn alárìíwísí ń pè ní àbùmọ́, tí Sang Sang ti ń dáná, tó ń fọṣọ, tó ń ka fàdákà, àwọn ni Mao Ni fi ń múra sílẹ̀ fún ìjà tí ènìyàn máa bá Ọ̀run jà. Ẹni tó bá gé wọn kúrò kí ìjà lè tètè dé, ó ti gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ ogun kí ó tó ní kó lọ sójú ogun. Òṣùpá náà lè yọ lójú amóhùnmáwòrán, kó mọ́lẹ̀, kó tóbi, kò ní í wúwo lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi kánjú? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko. Tencent ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ tó ni Qidian, Tencent Video ló sì gbé eré náà jáde. Ìwé àti eré ń bẹ lábẹ́ òrùlé kan. Lójú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìtàn jẹ́ ọjà tí kò gbọdọ̀ tutù. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ló wà láàárín apá kìíní àti apá kejì.

Ẹ fi èyí wé "Joy of Life", ìwé Mao Ni mìíràn. Apá kìíní rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ìpín 46. Àárín ọdún 2024 ni apá kejì tó dé, ìpín 36. Wọ́n dúró fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin àbọ̀ títí Sun Hao tó darí rẹ̀, Wang Juan tó kọ ọ́, àti Zhang Ruoyun tó ṣe Fan Xian, akọni ìtàn náà, fi tún pàdé. Òṣèré tó ń ṣe Yan Bingyun, ẹlòmíràn nínú ìtàn náà, yí padà, a gbà á mọ́ra, torí Fan Xian ṣì wà níbẹ̀. N kò sọ pé sùúrù wọn yọrí sí iṣẹ́ pípé. Ìpolówó ọjà kún inú apá kejì yẹn débi pé ó ń dí wa lójú. Ẹ má sì gbàgbé oṣù kejìlá ọdún 2019, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ méjì tó ń ṣàfihàn apá kìíní ní kí ẹni tó ti sanwó ọmọ ẹgbẹ́ tún san 50 yuan kó tó lè wo ìpín mẹ́fà ṣáájú àwọn yòókù. Òǹwòran kan gbé ọ̀kan nínú wọn lọ sílé ẹjọ́ ní Beijing, ilé ẹjọ́ sì dá a láre ní 2020. Ní 2021, àwọn ilé iṣẹ́ náà pa àṣà yẹn tì. Àwọn òǹwòran Ṣáínà kì í ṣe ẹran àgùntàn. Wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ń rẹ́ wọn jẹ.

Àwọn kan á sọ pé ìdajì kejì ìwé Jiang Ye fúnra rẹ̀ kò dán bí ti àkọ́kọ́, pé òṣèré wo ló lè ṣe Ọ̀run? Mo gbà pé ìwé náà nira níbẹ̀. Nínú ìwé, nígbà tí Sang Sang di Ọ̀run tán, tó ti ga ju ẹ̀dá lọ, ara ènìyàn tó wọ̀ ni kò jẹ́ kó lè lọ. Ó yẹ kí èyí ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìṣòro ìwé ni ó yẹ kí olùdarí fi sùúrù yanjú, kì í ṣe kó fi iná àti ẹ̀fúùfù bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tó gba ìṣòro yẹn mọ́ra ni Song Yiren. Ó ṣe Sang Sang nínú ìpín 103 lápapọ̀, pẹ̀lú Ning Que méjì. Nínú apá kejì, òun nìkan nínú àwọn méjèèjì ló mọ bí ilé náà ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ó ń wo ojú tuntun náà bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà ìyàn, kò fi bí ọ̀rọ̀ ṣe rí hàn, ohùn rẹ̀ sì wà bí ó ti wà, jẹ́ẹ́jẹ́, láìsí àṣejù. Bí ẹ bá fẹ́ wo apá kejì lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí, ẹ má fi gbogbo ojú yín sí ibi tí wọ́n ti ń jà. Sang Sang ni kí ẹ máa wò nígbà tí Ning Que bá ń sọ̀rọ̀.