Ta Ni Yóò Bá Ìyá Àgbà Ru Ẹrù? Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣẹ́ Abẹ fún Ilé-Ọmọ Tó Yọ

Ọ̀rọ̀ abẹ́ obìnrin ni mo gbé wá, n kò sì ní pa á lówe. Ẹni tí ojú bá ń tì, kó ṣáà máa gbọ́.

Kí ilé-ọmọ yọ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Iṣan tó gbé ilé-ọmọ, àpò ìtọ̀ àti ìfun ìdí ró ló dẹ̀. Ọmọ bíbí ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá ti wá dá, agbára iṣan náà á tún dín kù, ikọ́ tí kò lọ, ìgbẹ́ líle àti ẹrù wíwúwo á sì dá kún un. Ní Odígbó yìí, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ta ni kò mọ ẹrù? Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyìn, kòkó, igi ìdáná, omi: orí obìnrin ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Bó bá yọ tán, ìyá á dákẹ́. Kò ní fẹ́ wọ ọkọ̀ mọ́. Èyí tó jẹ́ Mùsùlùmí á máa tún àlùwàlá ṣe nítorí ìtọ̀ tó ń jò.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ ọ̀bẹ. Bí kò bá tíì le, ìyá lè máa fún iṣan abẹ́ pọ̀ bí ẹni tó ń di ìtọ̀ mú, lójoojúmọ́. Òrùka rọ́bà tún wà tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì máa ń fi sójú ara láti gbé e ró. Ó dára púpọ̀, àmọ́ ó ń fẹ́ fífọ̀ àti àyẹ̀wò ní oṣù mélòó kan síra. Èyí tí wọ́n bá gbàgbé síbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ lè jẹ ẹran ara wọnú àpò ìtọ̀.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, wọ́n lè gba ojú ara yọ ilé-ọmọ láì la ikùn, kí wọ́n sì rán ibi tó dẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní LeFort, láti ilẹ̀ Faransé ní 1877: wọn á rán ojú ara pa. Kì í pẹ́, ara àgbàlagbà sì ń gbà á, ṣùgbọ́n ìyá kò ní lè bá ọkùnrin sùn mọ́. Ìyá fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi, kì í ṣe àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn ọmọ á ní, “Màmá ti kúrò níbẹ̀.” Ta ló sọ fún wọn?

Ẹ tún béèrè bóyá àwọ̀n ni wọn yóò fi gbé e ró láti ojú ara. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ kí wọ́n dẹ́kun títa irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ fún àìsàn yìí. Àwọ̀n tàbí òwú, ó ṣì lè padà yọ. Kí dókítà sọ ọ́ kó tó gbé ọ̀bẹ.

Ọjọ́ orí nìkan kò dí iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà bá ti wálẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó le jù ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, tí ìyá kò gbọdọ̀ gbé ohun wíwúwo. Àwọn ọmọ á fowó ránṣẹ́ láti Èkó, wọ́n á rò pé ó parí. Ta ni yóò pọnmi? Ìyá tó ń dá gbélé á tún gbé garawa lórí kí ojú ọgbẹ́ tó jinná.

Nítorí náà, ẹ yan àkókò tí ẹlòmíràn yóò lè bá ìyá pọnmi. Àìsàn yìí sábà máa ń ṣe é dúró dè títí kòkó á fi tán lóko. Àmọ́ bí ìtọ̀ bá há, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, tàbí bí ibẹ̀ bá dégbò, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Ẹ má fi àgbo síbẹ̀.

Ní 2009, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀ ni ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ti bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè fún aláboyún àti ọmọdé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti bímọ tán kí Abíyè tó dé ńkọ́? Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ yìí: ẹ fi òrùka rọ́bà náà, àti nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n lò, sí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké Orè àti Odígbó.