Ọ̀wẹ̀ Kọ́ ni Àáró: Ìdí tí Lọ́yà fi ń Sanwó Ẹgbẹ́ tí Kì í sì í Wá Sípàdé

 

Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun tó lè mú kí ọmọ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò fọwọ́ gidi mú ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ìtàn ẹgbẹ́ ni mò ń kọ́, abúlé ni mo sì ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀, láyìíká Ìbàdàn, láàárín Móníyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá àti Àkánrán. Oko ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà lóko mọ̀ pé àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Bí ọkùnrin mẹ́fà bá da àáró, oko Àjàní ni wọn ó ro lónìí, ti Àkànní lọ́la, títí yóò fi kan ẹni kẹfà. Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ láàárọ̀. Ẹni tó bá sá mọ̀ pé ọjọ́ oko tòun ń bọ̀, òun nìkan ni yóò sì dá a ro. Ní ti ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ló ni iṣẹ́. Bóyá ilé àna rẹ̀ ló fẹ́ bò. Á bẹ èèyàn, á gún iyán, á gbé ẹmu kalẹ̀. Wọ́n á ṣe é, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì túká. Lọ́dún tí iyán bá dín, èèyàn náà á dín.

Ohun tí mo rí nínú ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò wa ni pé àáró ló fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀wẹ̀ ló wá dà.

Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Freetown, ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. Ọdún 1879 ni wọ́n pè é sẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì darí ẹgbẹ́ láti 1900 títí ó fi kú ní 1915. Nígbà náà, ojú mọ ojú. Lónìí, ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, èyí tí a ń pè ní NBA, lé ní 120. Òfin ní kí gbogbo lọ́yà san owó iṣẹ́ kí oṣù kẹta ọdún tó parí, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó náà sì ni ti ẹgbẹ́. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ní kí lọ́yà máa lẹ sítáńbù mọ́ ìwé tó bá kọ. Ayédèrú lọ́yà ni wọ́n fi ń lé, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sanwó kò ní rí sítáńbù gbà, nítorí náà owó ń wọlé bóyá èèyàn wá sípàdé tàbí kò wá. Ta ni yóò wá máa bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá?

Ẹ rántí àpérò ọdún 2022 ní Èkó, níbi tí àwọn amòfin ti já wọ ibi tí wọ́n kó báàgì àpérò sí. Orílẹ̀-èdè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó sanwó lọ́dọọdún, tí báàgì yẹn sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó lè nawọ́ sí pé tòun rèé látinú ẹgbẹ́, ìjà tó jà yé mi. Iyán ọ̀wẹ̀ ni báàgì náà.

Ìtàn kan wà tí ẹ̀yin àgbà kì í fẹ́ sọ níwájú ọmọdé. Lóṣù kẹjọ ọdún 1992, àpérò NBA ní Port Harcourt dà rú. Ìjà ipò ni, pẹ̀lú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì túká láìyan olórí. Lọ́dún 1993, ìjọba ológun gbé Òfin Kọkànlélógún jáde, ó kó ẹgbẹ́ sí abẹ́ ìgbìmọ̀ Body of Benchers, ó sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ẹ gbọ́ o: wọ́n ní kí lọ́yà má lọ sílé ẹjọ́! Ọdún 1998 ni ẹgbẹ́ tó tún ní olórí, T. J. Okpoko. Láàárín ọdún mẹ́fà yẹn ni wọ́n fagi lé ìdìbò June 12, tí Abacha sì gorí àlééfà, ẹgbẹ́ tó yẹ kó kọ́kọ́ pariwo kò sì ní ẹnu. Àwọn ẹ̀ka ni kò kú. Nílùú kọ̀ọ̀kan, lọ́yà ń rí ara wọn, wọ́n ń sìnkú ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn dúró ní kóòtù. Níbi tí àáró ṣì wà, ẹgbẹ́ wà níbẹ̀.

Wọ́n tún ọ̀rọ̀ ìdìbò ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Tẹ́lẹ̀, aṣojú ẹ̀ka ló ń dìbò yan olórí. Láti 2016, lọ́yà kọ̀ọ̀kan lè fi fóònù dìbò níbi tó bá wà. Lọ́dún 2020, ẹgbẹ́ àwọn amòfin ilẹ̀ Yorùbá ti na ọwọ́ àgbà kan sókè, ṣùgbọ́n Olumide Akpata, tí kì í ṣe àgbà amòfin tí a ń pè ní SAN, ni ìbò àwọn ọ̀dọ́ gbé wọlé. Mo yọ̀ sí i. Síbẹ̀, ìbò ọdún méjì méjì kì í ṣe àáró. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká padà sóko ná. Àkánrán tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni Tafa Adéoyè, olórí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, ti wá. Àwọn àgbẹ̀ tó kọ̀yà lọ́dún 1968 sí 1969 yìí kò ní sítáńbù, ṣùgbọ́n abúlé sí abúlé ni ìpàdé wọn ń lọ, owó orí tó ń dun olúkúlùkù ni wọ́n sì ń bá jà, títí ìjọba fi já a sí pọ́n-ún méjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ le, Awólọ́wọ̀, tí òun náà jẹ́ lọ́yà, lọ bá wọn lóko. Kò ránṣẹ́ pè wọ́n sí Ìyàgànkú nígboro Ìbàdàn.

Nílẹ̀ yìí lónìí, kì í ṣe owó orí ló ń dunni mọ́, ilẹ̀ ni. Mo jókòó sí ojúde bàbá kan lọ́nà Lálúpọn. Ó tú ọ̀rá dúdú kan, ó yọ rìsíìtì owó orí tó ti pọ́n, káàdì ìdìbò, lẹ́yìn náà ìwé àdéhùn ojú ewé mẹ́ta, gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, àmì àtàǹpàkò rẹ̀ tàn ká bí yíǹkì tó dà sílẹ̀. Ajẹ́ńtì sọ fún un pé ọdún mẹ́wàá ni òun fi yá ilẹ̀ náà. Mo kà á: títí ayé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé ní kí ẹni tó bá kọ̀wé fún un kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Òfin tó dá iṣẹ́ yín sílẹ̀ sì ní lọ́yà nìkan ló lè gbowó kọ ìwé ilẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ yín ni ajẹ́ńtì yẹn gbà ṣe, nígbà tí lọ́yà kékeré kan ń dúró ní ọ́fíìsì ọ̀gá tí ń san owó tí kò tó owó ọkọ̀ fún un.

Ẹ fún lọ́yà kékeré náà lọ́jà kan. Lọ́yà mẹ́fà, ọjà mẹ́fà: Móníyà, Lálúpọn, Àkánrán, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tirẹ̀, àwọn márùn-ún yòókù á bá a jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á bá a ka ìwé àwọn àgbẹ̀, èyí tó bá sì di iṣẹ́ olówó lára rẹ̀, tirẹ̀ ni. Lọ́sẹ̀ kejì ó kan ẹlòmíràn. Kí ìpàdé ẹ̀ka náà máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bàbá náà ká ìwé rẹ̀ padà, ó ní, “Tíṣà, àwọn lọ́yà náà máa ń ní ẹgbẹ́ ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ ńlá. Ó ní, “Ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣèpàdé, kí n gbé e lọ bá wọn?” Mo yọ fóònù, mo pe lọ́yà kan tí mo mọ̀, tó ti ń san owó ẹgbẹ́ láti ọdún mọ́kànlá.

Ó ní kí n dúró ná, òun á bá mi béèrè.