ỌMỌ Ń GBÓNÁ: KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀ RẸ̀?
(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera bá ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ ìkówójọ, New Haven, Enugu)

Ọ̀rọ̀ tí àwa Ìgbìmọ̀ Ìlera mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni.

Bí ara ọmọ bá ti ń gbóná, gbogbo wa a ní ibà ni. A ó ra oògùn ibà. Bí kò bá lọ, a ó ra kápúsù aláwọ̀ méjì ní kẹ́míìsì, a ó sì gbé àgbo kaná. Ó di ọjọ́ kẹrin kí á tó máa sáré gbé ọmọ lọ sí Parklane tàbí UNTH ní Ituku-Ozalla. Lóòótọ́, ẹ̀fọn ni ó ń fa ibà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ti ẹ̀fọn. Kòkòrò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní bakitéríà, tí ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ ọmọ. Oògùn ibà kò ràn án rárá.

Ẹni kan tí iṣẹ́ rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Obaro, dókítà àwọn ọmọdé. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kòkòrò wo gan-an ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ń gbóná? Láti 2008 sí 2015, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wò ní agbègbè Abuja àti Kano. Iye àyẹ̀wò náà lé ní 10,000. Wọn a fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, wọn a gbé e sínú ẹ̀rọ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, wọn a sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ bíi márùn-ún. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, yóò pọ̀ sí i, yóò sì fi ara hàn.

Kí ni wọ́n rí? Kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun, èyí tí à ń pè ní tàífọ́ọ̀dù, ni ó gbawájú. Ẹni tí ó bá rò pé àrùn àgbàlagbà nìkan ni, kí ó tún èrò rẹ̀ pa. Púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò náà ni ampicillin, Septrin àti chloramphenicol kò rí pa mọ́, nítorí pé a ti lo oògùn wọ̀nyí ní ìlò-kulò. Àrùn omi àti ìdọ̀tí sì ni. Àwa tí a ti ń ra omi tánkà láti 9th Mile láti ọdún yìí wá, ẹ jẹ́ kí á mọ̀ pé omi tí ó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Ẹ se omi ọmọ kí ó hó.

Kí ó tó di ìgbà náà, Obaro ti ṣiṣẹ́ ní Gambia, níbi tí wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wò lára ọmọ 17,437, nítorí kòkòrò tí ń fa òtútù àyà. Ní 2005 ni àbájáde rẹ̀ jáde: ikú láàárín àwọn ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ náà fi ìdá 16 nínú 100 dín sí ti àwọn tí kò gbà á. Nínú orúkọ àwọn tí ó kọ àbájáde náà, Adegbola wà níbẹ̀, Enwere wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá àti ọmọ Igbo jọ forí ṣe forí lẹ́yìn odi kí ọmọ ọlọ́mọ má baà kú. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá ọdún 2014. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba, nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹ̀yin ìyá, ẹ yẹ káàdì ọmọ yín wò bí ẹ bá délé.

Ohun kan tún wà. Bí ọmọ bá ti mu kápúsù kí ó tó dé ọsibítù, ìgò lè má fi nǹkan kan hàn, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ṣì wà láàyè nínú ọmọ. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà, kí oògùn tó tẹ̀lé e. Ẹ má fi ọkàn tán àyẹ̀wò Widal nìkan. Ó máa ń ṣini lọ́nà. Bí gìrì bá sì mú ọmọ, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ọrùn rẹ̀ gan, tàbí tí kò lè mu ọmú, ẹ má yà ní kẹ́míìsì rárá. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ tààrà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé, “Owó àyẹ̀wò dà?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìyá tí ó wà ní àjò, tí ọkọ rẹ̀ lọ sí ọjà òkèèrè, kò ní ìyá ọkọ nítòsí tí yóò yá a lówó lóru. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ẹgbẹ́ pé kí á yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó tí a bá rí lónìí fún àyẹ̀wò ọmọ, kí á tó ra àga sí gbọ̀ngàn. Ẹni tí ó bá yá a yóò dá a padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn lè rí i lò. Àga lè dúró di ọdún tí ń bọ̀. Ara ọmọ tí ń gbóná kì í dúró di òwúrọ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí á ríran kí ẹkún tó dé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á fi ọwọ́ wa sin ọmọ. Àwọn ọmọ wa ni yóò jókòó sórí àga gbọ̀ngàn náà. Àṣẹ.