Àwọn Ọmọ Wa tí Ó Wà ní Oyíngbò
Ọ̀rọ̀ tí a bá ìjọ sọ ní Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Ẹ̀yin ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù! Àwọn ẹlòmíràn ti sọ̀rọ̀ ilé ìsìn yìí, agogo rẹ̀ àti àwọn àlùfáà tí ó ti sìn níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí kò sí láàrin wa ni a fẹ́ sọ.

Ìyà àlejò kò ṣe àjèjì sí wa. Ní àkókò ogun Jálumi ní 1878 àti ti Kírìjí tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ará Òkukù sá wá sí Ìkìrun. Ilé onílé ni wọ́n gbé títí ogun fi parí. Irú ìsáǹsá bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá tí wọ́n sá kúrò ní Abẹ́òkúta nígbà Ìfọ́lé ní 1867, tí Glover, alákòóso Èkó, fún ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta. Láàrin wọn ni ìjọ St. Jude ti hù. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Ọ̀fà. Òun ni ó kó àwọn ọmọ wa lọ sí Èbúté-Mẹ́ta, láàrin alágbàṣe, alárù, àti (kí a má purọ́) àwọn jáwójáwó. Ọjà Oyíngbò wà níbẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ń wí pé kì í mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìjọ Ọlọ́run rí?

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1966, nígbà tí a jẹ́ Kátíkíìsì kékeré ní ìjọ kan ní agbègbè yìí, opó kan kú. A ṣí ìwé ìjọ, a rí i pé ó jẹ owó kíláàsì ọdún mẹ́ta. A kọ̀ láti lu agogo fún un. A kò le di ẹ̀bi náà ru àwọn àgbà ìjọ. Ọwọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní ọjọ́ kejì ni ọmọ rẹ̀ dé, alárù ní Oyíngbò. Kò bínú. Ó wí pé, “Kátíkíìsì, níbi tí à ń gbé, bí àlejò tí a kò mọ ìlú rẹ̀ bá kú, àwa alárù a dá owó, a ó sì sin ín. Ẹnì kan kì í béèrè ìwé.”

Ọ̀rọ̀ náà gún wa dé ọkàn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a. Àwa àti ọkùnrin mẹ́jọ ni a jọ sùn nínú yàrá kan. Omi gọ́tà ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ìjà kò sì wọ́n ní òru. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé, ẹnì kan tí kò mọ̀wé ka Sáàmù lákọ́sórí, àwọn ìyókù sì ń gbè é. Wọ́n ní kí a kọ́ àwọn ní á-bí-dí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a lò. Láti ìgbà náà ni a sì ń lọ lọ́dọọdún títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ fún wa. A kò gba owó kíláàsì lọ́wọ́ wọn rí, bí àwọn kan tilẹ̀ ń kùn pé a ń ba ìlànà jẹ́.

Ìjọ kan ti wà ní London rí tí òun náà ń jẹ́ St. Jude, ní Whitechapel, àdúgbò àwọn òtòṣì. Àlùfáà Samuel Barnett àti aya rẹ̀, Henrietta, dé ibẹ̀ ní 1873. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ sí òtòṣì láti òkèèrè kò tíì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni wọ́n fi dá Toynbee Hall sílẹ̀ ní 1884, kí àwọn ọ̀mọ̀wé le máa bá tálákà gbé bí aládùúgbò. Ó ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

A kò bẹ̀ yín láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìwé pélébé kan wà lórí tábìlì ní vẹ́sírì. Kí olúkúlùkù tí ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Oyíngbò, Múṣin tàbí Ajégúnlẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ àti òpópó tí ó ń gbé síbẹ̀ lónìí, ìbáà jẹ gbèsè ìjọ, ìbáà má jẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ti gbà láti wá wọn lọ kí Kérésìmesì tó dé. Alárù yẹn ti sùn nínú Olúwa; orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ni a ti kọ sí ojú ìwé kìíní.