Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ẹ̀yìn: Ìrìn Yàtọ̀ sí Oko Ríro



Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni, àpá a máa hù nínú bí ó ti ń hù lóde. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbẹ́ ṣe ń san. Ṣùgbọ́n bí àpá inú bá lẹ̀ mọ́ iṣan tí ó lọ sí ẹsẹ̀, ìrora lè padà wá. Kò sí oògùn tí ó ń dí i lọ́nà pátápátá.

Kí ni kí a ṣe? Bí dókítà bá ti ní kí ẹ dìde, ẹ má ṣe sùn sílẹ̀ gbalaja. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa na ẹsẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ yín ní ọsibítù, kí iṣan má baà gan.

Ìrìn yàtọ̀ sí oko ríro o! Ẹ má gbé ọkọ́, ẹ má ru ẹrù, títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Ẹ bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá, kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè san. Kí ẹnikẹ́ni má fi omi gbígbóná jó ojú abẹ.

Bí ojú abẹ bá ń ṣọyún, bí ẹsẹ̀ bá ń kú, tàbí tí ìtọ̀ bá sé, ẹ sáré padà sí ọsibítù.

Iṣu ọdún yìí bá bọ́, tọdún tí ń bọ̀ ń bẹ. Ẹ̀yìn kò ní ìpààrọ̀. Ó dìgbà o.