Ìgbéga Obìnrin Nílé Iṣẹ́: Ọ̀rọ̀ tí A Sọ Nípàdé Ẹ̀ka Wa ní Ketu



Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń pariwo pé àwọn ń gbé obìnrin ga. A kò ní irọ́ ni. Ní 2012, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ní kí àwọn báńkì rí i pé, títí di 2014, obìnrin kó 40 nínú 100 ipò ọ̀gá àgbà. Ó dára. Ìyá tó ń to ìgò lẹ́nu ẹ̀rọ ńkọ́?

Ẹ wo òfin iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974, abala 55. Ó ní kí wọ́n má gba obìnrin sí iṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó yọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sì yọ obìnrin tó wà nípò ọ̀gá tí kì í ṣe iṣẹ́ alágbára. Ẹ gbọ́ o! Màníjà lè wà níbẹ̀ di òwúrọ̀, ẹni tó ń to ìgò kò gbọdọ̀. Wọ́n ní ààbò ni. Àwọn obìnrin tí ń dúró de ọkọ̀ tòmátì ní Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́, ta ló dáàbò bò wọ́n? Owó òru kò kàn wá. Bí wọ́n bá sì ń wá súpáfáísọ̀, wọ́n á ní ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ òru làwọn ń fẹ́.

Abala 54 fún aláboyún ní ọ̀sẹ̀ 12, ṣùgbọ́n ìdajì owó iṣẹ́ ni ó fi di dandan. Ó tún fún ìyá ọlọ́mọ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fọ́mọ lọ́yàn. Ọmọ wà ní Ikosi, ìyá wà ní Oregun: ṣé ààbọ̀ wákàtí tó lọ tó bọ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ketu? Ìjọba Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù 6 ní 2014, ó fún bàbá ọmọ pàápàá ní ọjọ́ 10.

Àwọn bàbá kan ń kùn pé obìnrin á gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ìyàwó yín bá gba ìdajì owó, ìkòkò ọbẹ̀ ta ni yóò gbẹ? Ẹ̀yin onímọ́tò náà, obìnrin mélòó ló ń wakọ̀ ní páàkì yín, mélòó ló ń gé tíkẹ́ẹ̀tì?

Àdéhùn ẹgbẹ́ lè ga ju òfin lọ. Owó ìsinmi ìbímọ ní kíkún la ó béèrè, àti pé kí wọ́n má fi iṣẹ́ òru díwọ̀n ìgbéga mọ́, títí a ó fi rí òfin náà yí padà. Kí obìnrin kọ̀ọ̀kan kọ ọdún tó ti lò àti ipò tó wà sínú ìwé, kí ó fi lé akọ̀wé ẹ̀ka lọ́wọ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Ìwé náà la ó gbé síwájú màníjà.